Lọ́fínńdà Onígbòǹgbò Tí Mo Fi Lọ Tọrọ Ìyàwó

Ní ọjọ́ tí èmi àti ẹbí mi lọ tọrọ ìyàwó ní Ògìdì, ìyá àgbà ilé náà gbọ́ òórùn kan lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, ó sì kígbe pé wọ́n ti jí àpótí aṣọ ìsìnkú òun ṣí. A kò tíì rí ibi jókòó sí. Mo ṣì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó tún un fà. Ó ní, "Ta ló ṣí àpótí mi?"

Ó ku bí ọdún méjì kí a gba òmìnira. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Kàbà. Iṣẹ́ ìròyìn kò tíì kàn mí, ṣùgbọ́n mo ti ní ìwé kékeré kan nínú àpò tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn sí, òun ni mo sì wò kí n tó kọ èyí. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé ní Ògìdì. Ọdún kan àbọ̀ ni a fi ń kọ lẹ́tà síra wa. Ìyá àgbà yìí ni ìyá bàbá rẹ̀. Òun ló tọ́ ọ dàgbà, inú yàrá rẹ̀ ni ọmọ náà ń sùn, kò sì sí ẹni tí ó lè fi í fọ́kọ bí ìyá náà kò bá fọwọ́ sí i.

Ẹni tí kò bá mọ ilé náà lè má mọ ìdí tí igbe yẹn fi mú gbogbo wa dákẹ́. Ahunṣọ ni ìyá àgbà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi hun aṣọ tí wọn yóò fi sin ín, ó kó wọn sínú àpótí onígi kan lẹ́sẹ̀ ibùsùn rẹ̀, ó sì to gbòǹgbò koríko kan sí àárín wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Koríko gíga ni, etí odò ló máa ń hù sí. Ewé rẹ̀ kì í rùn rárá. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń rùn, bí ilẹ̀ tútù tí èéfín díẹ̀ wọ̀. Àwọn Hausa ń pè é ní jémà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣí àpótí náà, nígbà ọyẹ́, ní ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ ìsáṣọ. Wọ́n á kó aṣọ náà sóòrùn, wọ́n á pààrọ̀ gbòǹgbò, wọ́n á tún un tì pa. Ẹnikẹ́ni kì í ṣí i ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi: "Bí o bá ṣí i láìtọ́jọ́, aṣọ á rò pé wọ́n ti ń pe òun."

Ẹni tó bá jí àpótí yẹn ṣí, a jẹ́ pé ó fẹ́ kí ìyá náà kú nìyẹn.

Bí òórùn náà ṣe dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò le. Onígbàjámọ̀ mi ní ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà Lọ́kọ́ja, àga kan, jígí kan, abẹ mẹ́ta, àti ẹnu tí kì í dákẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, kúùkù kan tó ń sin òyìnbó ní Kàdúná wá sílé fún ìsinmi, ó sì kó àwọn ohun ìfárùngbọ̀n tí ọ̀gá rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sílùú rẹ̀ wá: ìgò méjì omi olóòórùn, irú èyí tí àwọn ọkùnrin ń fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí wọ́n bá fárùngbọ̀n tán, àti ọṣẹ ìfárùngbọ̀n gbọọrọ kan nínú páálí. Ohun tí wọ́n kọ sára wọn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Onígbàjámọ̀ ní Faransé ni. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé irọ́ ló pa.

Kúùkù sọ pé gbòǹgbò koríko kan ni wọ́n fi ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, onígbàjámọ̀ ní kí n jókòó, ó fá mi, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣe ìdánwò. Ìgò kìíní lọ sí òsì, ìkejì sí ọ̀tún. Àwọn oníbàárà ń wá gbóòórùn mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ tí wọ́n fura sí.

Ti òsì kọ́kọ́ rùn bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́. Èèyàn á dúró díẹ̀ kí gbòǹgbò tó yọjú lẹ́yìn rẹ̀, bí àlejò tó ń tijú. Ti ọ̀tún kò ní ọsàn nínú. Ilẹ̀ ni, omi odò ni, èéfín ni, ó sì le lára bí ọwọ́ àgbẹ̀. Bí ti òsì ti ń parẹ́ ni ti ọ̀tún ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ti ọṣẹ, ó hó dáadáa. Ohun rere tí mo lè sọ nípa rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá àgbẹ̀ kan láti ọ̀nà Kírì, mùsùlùmí, tí ó wá fárí, gbé imú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi ń ju gbòǹgbò yìí sínú àmù wa. Òun ni ó ń jẹ́ kí omi dùn. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì ń fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwa ń mu ún."

Onígbàjámọ̀ gba ìgò náà mọ́ra. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu tèmi o. Sípíríìtì wà nínú rẹ̀."

"Ta ló fẹ́ mu tìẹ? Èmi ń sọ̀rọ̀ omi, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ọtí."

Èwo ni kí n fi lọ sí Ògìdì? Wọ́n jiyàn. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ti ọlọ́sàn. Bàbá Kírì fẹ́ ìkejì: "Èyí ni òórùn ẹni tó ní ilé." Èmi náà mú ìkejì. Ní àárọ̀ Sátidé, onígbàjámọ̀ tún ojú abẹ gbà lórí àgbọ̀n mi, ó da omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó ní, "Akọ̀wé, o ti fẹ́ ìyàwó tán. Ohun tó kù ni kí wọ́n sọ fún ìyàwó."

Báyìí ni mo ṣe wọ lọ́rì pẹ̀lú àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, mo sì gbé òórùn àpótí ìyá àgbà lọ bá ìyá àgbà.

Nígbà tó kígbe, olórí ẹbí wọn, tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà, sáré dìde. "Ìyá, kí ló dé?"

"Àpótí mi ń rùn lára ọmọ yìí."

Èdè Ìjùmú, tí wọ́n ń sọ lágbègbè Ògìdì, ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ báyìí kí gbogbo ẹni tó ń ka Yorùbá lè bá wa lọ.

Mo dìde sórí eékún. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, inú ìgò ni ó ti wá. Omi tí wọ́n ń fi pa ojú ni."

"Gbòǹgbò ti di omi? Ní ìlú wo?"

"Ní ìlú òyìnbó, Ìyá."

"Òyìnbó tún wá dé etí odò wa láti wa gbòǹgbò?" Ó yíjú sí Bàbá Kékeré. "Ṣé ọmọ yín máa ń purọ́ báyìí ni?"

Mo retí pé kí àbúrò bàbá mi gbà mí. Ó ní, "Mo sọ fún un pé kí ó fi omi ṣan ojú nìkan. Kò gbọ́."

Ìyá àgbà ti gbàgbé mi. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nídìí òfì, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dúró sí, lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú àwo obì lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ ni. O fẹ́ kí ọkọ rẹ máa rùn bí ilé. O ṣí àpótí mi, o mú gbòǹgbò fún un."

"Ìyá, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìdí yín lọ́sàn-án, ó wà lábẹ́ orí yín bí ẹ bá sùn. Ìgbà wo ni mo fẹ́ mú un?"

"Ìgbà tí mo bá ń wẹ̀."

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo obì sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó wọlé lọ.

Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n kúkú ṣí àpótí náà, kí wọ́n ka gbòǹgbò inú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí. Olórí ẹbí bojú wò ó. "O fẹ́ pe ikú sórí ìyá rẹ torí àlejò?" Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan tó yá jù lọ láti fi wẹ ọmọ náà mọ́ ṣe dí.

Olórí ẹbí ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún wa pé àwọn kò gba obì wa, àwọn kò sì dá a padà. "Ẹni tí ó fi omi yẹn pa á lójú, kí ó wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́jọ òní. Kí ó kó gbogbo ìgò rẹ̀ wá. Bí Ìyá bá gbọ́ ọ tó sì jẹ́ òótọ́, a ó sọ̀rọ̀ ìyàwó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ bá ọ̀nà yín lọ, a ó mọ ohun tí a ó ṣe sí ọmọ wa."

Ọmọbìnrin náà sìn wá dé ibi tí lọ́rì ń dúró sí. Ó jẹ́ kí Bàbá Kékeré ṣíwájú. Ó ní, "Bí onígbàjámọ̀ yín kò bá wá, ẹ má padà wá mọ́."

Mo bi í bóyá kò fẹ́ mi mọ́.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Inú yàrá yẹn ni mo ti ń sùn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Mi ò lè máa sùn ti ẹni tó rò pé mo fẹ́ kí òun kú. Mi ò sì lè fi í sílẹ̀ lọ sílé ọkọ kí ó máa rò ó títí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Òórùn yín tún wá dùn. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù."

Onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. "Èmi? Kí n lọ jẹ́jọ́ òórùn ní Ìjùmú? Bí ìyá yẹn bá sín pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní ará Kàbà fi lọ́fínńdà pa á." Mo sọ fún un pé wọ́n ti ń wí ní Ògìdì pé irọ́ ni ìgò rẹ̀, pé kò sí omi tó lè rùn bẹ́ẹ̀. Ó ju abẹ rẹ̀ sórí tábìlì. "Wọ́n ní irọ́ ni ìgò mi? Ọjọ́ wo ni a ń lọ?"

Ó wọ kóòtù lọ́jọ́ náà. Ó fi aṣọ funfun di ìgò méjèèjì àti ọṣẹ náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun lọ fún ìsàmì, ó sì gbé wọn lé itan ní gbogbo ọ̀nà. Bí lọ́rì bá ti fò ní kòtò, òun náà á fò, á tún wo ìdérí wọn.

Abẹ́ òrùlé tí òfì ìyá àgbà wà ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Bàbá ọmọbìnrin náà ti lọ sí odò ní àárọ̀, ó ti wa gbòǹgbò tútù, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì sá a díẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó lẹ́yìn ìyá àgbà, kò súnmọ́ ọn, kò jìnnà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀ ju kíkí àárọ̀ lọ.

Onígbàjámọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó kí i bí a ti ń kíra wa lágbègbè wa. "Okun o, Ìyá."

"Okun. Ìwọ ni o ń sọ àwọn ọmọkùnrin di àpótí?"

"Ìyá, mo kàn ń fá irùngbọ̀n ni."

Ìyá àgbà bu òwú lára èyí tó fẹ́ ran, ó ya á sí ìṣù kéékèèké, ó ní kí wọ́n da omi ìgò kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kan. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ èyí tí wọ́n ń gbé fún òun. Ó ní, "Ojú mi ti rẹ̀, imú mi kò tíì rẹ̀."

Ó kọ́kọ́ gba gbòǹgbò tútù, ó gbọ́ ọ, ó mi orí, ó gbé e lé itan. Ó gba òwú ìgò kìíní. Kò pẹ́ tó fi sọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹni tó ṣe èyí ń bẹ̀rù. Ó fi ọsàn bo gbòǹgbò mọ́lẹ̀. Bí ọsàn bá lọ tán, gbòǹgbò díẹ̀ ló kù, èyí tí kò lè dáàbò bo aṣọ ìnura."

Ó gba ọṣẹ. Ó fi èékánná họ ọ́, ó gbọ́ ọ, ó dá a padà fún onígbàjámọ̀. "Ọṣẹ ni ọṣẹ. Ẹni tó ní gbòǹgbò wà nínú rẹ̀, ó tàn ọ́."

"Ó tàn mí, Ìyá," ni onígbàjámọ̀ wí, tìbànújẹ́-tìbànújẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ó gba òwú ìgò kejì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́. "Òun nìyí. Òun ni ó wà lára ọmọ Kàbà."

Olórí ẹbí ní, "Ìyá, ṣé àpótí yín ni?"

Ìyá àgbà di ojú. Ó gbọ́ gbòǹgbò itan rẹ̀, ó gbọ́ òwú náà, ó tún gbọ́ gbòǹgbò. Mo ń wo ojú ọmọbìnrin náà. Mo rò pé ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá Kékeré sọ lẹ́yìn náà pé kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ìyá àgbà wá ní, "Kò sí aró nínú rẹ̀."

A kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ṣàlàyé fún wa bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ilé ìwé. "Gbòǹgbò àpótí mi ti bá aṣọ aró sùn láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá. Aró ti wọ̀ ọ́. Òwú ti wọ̀ ọ́. Igi àpótí gan-an ti wọ̀ ọ́. Èyí kò rí aṣọ rí láyé rẹ̀. Etí odò ni wọ́n ti gbé e, wọ́n sọ ọ́ sínú ọtí tààrà. Ọmọ-ìyá gbòǹgbò mi ni, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ilé kan náà." Ó fi òwú náà sílẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì gbọ́ ọ tán tí mo fi sọ̀rọ̀. Imú mi yára ju ọgbọ́n mi lọ."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ ahunṣọ, aró ti kun èékánná rẹ̀. "Níbo ni o wà?"

"Mo wà níbí, Ìyá."

"Mo fi ẹ̀sùn olè kàn ọ́ níwájú àlejò. Níwájú àlejò náà ni mo fi ń sọ pé mo ṣìṣe. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Nígbà náà, wá jókòó síbi tí o máa ń jókòó sí."

Ọmọ náà sún síwájú, ó fi orí ti èjìká rẹ̀. Onígbàjámọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, wúkọ́.

Ìyá àgbà yíjú sí i. "Ìwọ, àwọn òyìnbó yẹn, òkú ni wọ́n ń fi í tọ́jú ni?"

"Rárá o, Ìyá. Wọ́n ń fi í lọ sí ọ́fíìsì."

"Ní àárọ̀?"

"Ní àárọ̀, Ìyá, lójoojúmọ́."

Ìyá àgbà mi orí tìyanutìyanu. "Àwọn yẹn ti múra sílẹ̀."

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà dé ojú òpópó. Olórí ẹbí rẹ́rìn-ín títí tó fi ṣí fìlà. Nígbà tó dé e padà, ó ti di adájọ́, ó sì pàṣẹ pé kí a gbé obì wa wá.

Ó ní ẹnikẹ́ni nínú agboolé náà kò gbọdọ̀ tún pe ọmọ náà ní olè, ì báà ṣe ní àwàdà. Ó ní àpótí náà yóò wà ní títì títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé, oṣù méjì sí i. Wọn yóò ṣí i níwájú gbogbo obìnrin ilé, ọmọ náà ni yóò sì kó aṣọ náà sóòrùn lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Bàbá Kékeré bèèrè pé, "Irùngbọ̀n ọmọ wa wá ńkọ́, Bàbá? Kí ni kí ó máa fi pa ojú?"

Olórí ẹbí bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó dìde. "Kí ó fá a. Omi ni kí ó fi pa á. Ìgò ọlọ́sàn yẹn, kí ó lò ó bó bá wù ú. Ìgò kejì kò gbọdọ̀ wọ ilé yìí níwọ̀n ìgbà tí ìyá wa bá wà láàyè." Ó mú obì kan nínú àwo. "Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsáṣọ, kí ẹ̀yin ará Kàbà padà wá. Ẹ mú ìyá ọkọ dání, kí a dá ọjọ́ ìgbéyàwó."